Ara Kì í Tètè Gbàgbé: Ọ̀rọ̀ Ìtọ́jú fún Ẹni tí Ayé Yí Padà fún

Ọ̀rọ̀ owó àjọ àti ìnáwó òkú ni àwa ìgbìmọ̀ ìtọ́jú ọmọ ẹgbẹ́ sábà máa ń mú wá síwájú yín. Lónìí, ọ̀rọ̀ ara wa ni a mú wá.

Ìyá kan wà láàrin wa ní Accra níbí tí kì í tú báàgì rẹ̀. Aṣọ mẹ́ta, ìwé ìbí àwọn ọmọ àti owó díẹ̀ wà nínú "Ghana must go" lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Bí wọ́n bá kanlẹ̀kùn lóru, àyà rẹ̀ á já, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a sọ ọ́, kí a má ṣáà dárúkọ òun.

Ọmọdé ni nígbà tí ìjọba Kofi Busia pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kúrò ní Gánà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará Ogbómọ̀ṣọ́, Ẹjigbó, Ìníṣà, Ọ̀fà àti Ṣakí di ẹrù, wọ́n lọ. Ẹni tí a bí síhìn-ín, tí kò fojú rí Nàìjíríà rí, bá wọn lọ. Ní 1983, ó kan àwọn ará Gánà: Nàìjíríà lé wọn, ibẹ̀ ni báàgì yẹn ti gba orúkọ. Ìyá wa padà wá, ó tajà, ó kọ́lé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ẹ̀rù àtijọ́ jí padà.

Kí ló fà á? Bí ewu bá dé, ara kì í dúró gbìmọ̀. Ọkàn á máa sáré, èémí á kúrú, iṣan á le. Bí ewu bá lọ, ó yẹ kí ara rọ̀. Ṣùgbọ́n bí jìnnìjìnnì bá pọ̀ jù, tí kò sì sí ẹni tó gbé ni mọ́ra, ara á máa ṣọ́nà nìṣó. Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n: wọ́n ní àyà já, orí wú, ara kò balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe opó, ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jóná, ẹni tí wọ́n dá padà láti òkè òkun, àti ẹni tó fẹ̀yìntì.

Ìtọ́jú kan wà tó ń ti ara bẹ̀rẹ̀. Olùtọ́jú kì í fipá mú ni sọ ìtàn ẹni. Á béèrè ibi tí ẹ̀rù wà lára, á kọ́ ni bí a ti ń mí àti bí a ti ń na ara, á sì tọrọ àyè kó tó fọwọ́ kan ni. Ní 2014, Bessel van der Kolk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ròyìn ìwádìí kan lórí obìnrin 64 tí jìnnìjìnnì àtẹ̀yìnwá ń dà láàmú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 10, nǹkan bí ìdajì àwọn tó ṣe yoga bọ́ lọ́wọ́ àìsàn náà. Nínú àwọn tó gba ẹ̀kọ́ ìlera nìkan, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ni. Kò wo gbogbo wọn sàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun kékeré.

Àjọ Ìlera Àgbáyé náà gbé ìwé kékeré kan jáde ní 2020 tó ń kọ́ni ní irú nǹkan báyìí. Ẹ jẹ́ kí a gbìyànjú rẹ̀. Ẹ má dijú. Ẹ fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀. Ẹ mí síta díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tán, kí ẹ wá jẹ́ kí atẹ́gùn padà wọlé fúnra rẹ̀. Ẹ wo yàrá yìí. Ta lẹ rí? Ohùn ta lẹ gbọ́? Ibí lẹ wà. 1969 ti lọ. Bí ó bá ni ẹnikẹ́ni lára, kó dáwọ́ dúró, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, mímí kì í ṣe oògùn gbogbo àrùn. Ẹni tí àyà ń dùn, kó tètè lọ sí ọsibítù, kí wọ́n sì wo ìfúnpá rẹ̀. Ẹni tí kò rí oorun sùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó má sọ pé ti wèrè nìkan ni ọsibítù àárẹ̀ ọkàn. Èyí tó wà ní Accra níbí ti wà láti 1906. Ẹ rántí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta. Ní Àrò, láti 1954, ó jẹ́ kí aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ ní abúlé tó yí ọsibítù ká. Ó mọ̀ pé a kì í dá nìkan yá.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta la ń bẹ̀ yín fún. Bí ẹ bá lọ kí ẹni tọ́ràn dé bá, ẹ má ní kó má sunkún, ẹ má sì ní kó ròyìn. Ẹ jókòó tì í. Bí ó bá fẹ́ lọ sí ọsibítù, kí ẹnì kan sìn ín lọ. Ohun tó bá sì sọ fún wa, kó má kọjá etí wa.

Ìyá wa yẹn, láìpẹ́ yìí, yọ aṣọ kan nínú báàgì rẹ̀, ó sá a sóòrùn, ó wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà. Báàgì ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. A kò bá a jà sí i.

Ẹgbẹ́ wa kò ní tú.