Níbo ni òdo rẹ wà? Ọ̀rọ̀ fáìlì CNC láàárín Mówè, Ìbàfò àti Ifọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ orí Long Bridge, ẹ pẹ̀lẹ́.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn mẹ́rìnlá ni mo gbé wá lónìí. Iṣẹ́ CNC ni mò ń ṣe ní Mówè: ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí, tó ń gé pákó, tó ń gbẹ́ òdòdó sójú ilẹ̀kùn. Ọ̀sẹ̀ tó yẹ kí n jíṣẹ́ ni mọ́tò ẹ̀rọ mi jóná. Oníbàárà ti san àsansílẹ̀, ọjọ́ ìṣílé rẹ̀ sì ti dé tán. Mo ki fúláàṣì bọ àpò, mo wọkọ̀ lọ bá ọ̀rẹ́ mi ní Ìbàfò. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó bá mi gé e. Ó ní, "Ṣé ìyẹn náà lọ̀rọ̀? Gbé e wá."

Ó tẹ̀ ẹ́. Orí ẹ̀rọ kọ́kọ́ gbéra sókè gan-an. Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀, àmọ́ mo rò pé bí tirẹ̀ ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó rìn díẹ̀, ó dúró, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Kò dúró mọ́. Bíìtì gba inú MDF kọjá, ó wọ tábìlì ẹ̀rọ, ó kán. Èyí tó kán fò kọjá létí ọmọṣẹ́ ọ̀rẹ́ mi, ó lọ ba ògiri. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. N kò tíì gbàgbé ojú tó fi wò mí.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Mo kọ Z-5 sínú fáìlì, pé kí bíìtì wọlé ní mílímítà 5. Ẹ̀rọ tirẹ̀ wà lórí íǹṣì. Íǹṣì kan jẹ́ mílímítà 25.4, nítorí náà 5 tèmi di 127, nínú pákó tí kò nípọn ju 18 lọ. G21 ló ń sọ fún ẹ̀rọ pé mílímítà ni, G20 ló ń sọ pé íǹṣì ni. N kò kọ ìkankan. Ẹ̀rọ tèmi ti mọ̀ mí, kò béèrè rí. Bí ìyá rẹ bá ní kó o lọ ra gààrì méjì, o mọ̀ bóyá kóńgò ni tàbí dẹ́rìkà. Ọmọ àlejò kò mọ̀.

A kọ́kọ́ jà. Mo bi í pé kí ni íǹṣì ń wá lórí ẹ̀rọ rẹ̀, ó bi mí pé kí ló dé tí n kò kọ ọ́. Ká sòótọ́, èmi ni mo jẹ̀bi.

Wàhálà yìí kì í ṣe tàná. Ní 1952 ni MIT ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ agérin tí nọ́ńbà ń darí han àwọn ènìyàn. Ní 1957, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú tí wọ́n jọ ń du oníbàárà jókòó pọ̀ pẹ̀lú Douglas Ross àtàwọn ènìyàn rẹ̀ ní MIT, wọ́n pín iṣẹ́ èdè kan tó ń jẹ́ APT láàárín ara wọn. Nígbà tí wọ́n pe oníròyìn jọ ní 1959, àwo eérú sìgá tí wọ́n fi ẹ̀rọ gé ni wọ́n fún wọn mú lọ sílé. Ìlànà G-code tí wọ́n ń pè ní RS-274-D jáde ní 1980, ISO 6983 tẹ̀lé e ní 1982. Síbẹ̀, kálukú tó ń ṣe kọ́ńtírólà fi tirẹ̀ kún un. Èdè kan náà ni, àmọ́ Ẹ̀gbá ń sọ tirẹ̀, Ìjẹ̀bú ń sọ tirẹ̀. ISO tún ní òmíràn, STEP-NC, tó ń sọ ohun tí a fẹ́ gé dípò ibi tí bíìtì máa gbà. Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tiwa kò gbọ́ ọ.

Torí náà a dá tiwa. Àwa méjì, àti ẹ̀gbọ́n kan tó ń gé lẹ́tà sáìnbọ́ọ̀dù ní Ifọ̀. Ọ̀nà Abẹ́òkúta ni tiwọn, ọ̀nà Ìbàdàn ni tiwa, WhatsApp ló so wá pọ̀. A ní gbogbo fáìlì gbọ́dọ̀ ní G21 lókè. Lẹ́yìn ìyẹn, kí a kọ bí bíìtì ṣe tóbi tó, bí pákó ṣe nípọn tó, ẹni tó ṣe fáìlì, àti ibi tí òdo wà. Inú àkámọ́ ni a ń kọ ìwọ̀nyí sí, torí ẹ̀rọ kì í ka ohun tó wà níbẹ̀, ènìyàn ló ń kà á. A kì í fi àmì ohùn sí i o, kọ́ńtírólà mìíràn kì í fẹ́ rí i.

Òdo ló fẹ́ tú wa ká. Èmi ń gbẹ́ òdòdó, ojú pákó ni òdo mi. Ẹ̀gbọ́n ń gé lẹ́tà já sísàlẹ̀, orí tábìlì ni tiwọn. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, pákó tí wọ́n tà fún yín pé 18 ni, ṣé ẹ ti wọ̀n ọ́n rí?" A wọ̀n ọ́n. 17.4 ni ti ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹnu mi wọlé. Títí di ìsinsìnyí, a kò fẹnu kò sórí òdo kan. Ohun tí a gbà ni pé kálukú á kọ tirẹ̀ síbẹ̀: ODO OJU PAKO, tàbí ODO TABILI. Ẹni tó bá gba fáìlì ẹlòmíràn á kọ́kọ́ gbé òdo sókè, kó jẹ́ kí ẹ̀rọ rìn nínú afẹ́fẹ́ lásán ná.

Ilẹ̀kùn yẹn pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan. Oníbàárà yọ nínú owó mi, èmi ni mo ra bíìtì àti pákó tó bàjẹ́. Ọmọṣẹ́ yẹn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Òun ló ń ka òkè fáìlì sókè báyìí kí ọ̀gá rẹ̀ tó tẹ ohunkóhun.

Ní Sátidé a máa gé iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n ní Ìbàfò, torí iná kò dáa ní Ifọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Wọ́n ti fi fáìlì ránṣẹ́. Mo ṣí i kí n tó wọlé wá síbí. G21 wà lókè, ODO TABILI sì wà lábẹ́ rẹ̀.