Oògùn Ìgbẹ́ Gbuuru Tó Ń Ran Apakòkòrò Lọ́wọ́

Ṣé ẹ mọ loperamide, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Imodium? Ìgbẹ́ gbuuru la fi ń dá dúró. Ìfun ló ń dẹ̀ lọ́wọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ni pípa kòkòrò.

Lọ́dún 2011, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Yunifásítì McMaster, ní Kánádà, kó àwọn oògùn tó ti wà lórí àtẹ jọ, wọ́n ń dán wọn wò pẹ̀lú minocycline, ọ̀kan nínú ẹbí apakòkòrò tí à ń pè ní tetracycline. Loperamide ta yọ. Ó ń da agbára iná tó wà lára awọ kòkòrò rú. Bí kòkòrò náà ṣe ń sáré dọ́gbọ́n sí i, bẹ́ẹ̀ ni tetracycline ń rọ́nà wọlé sí i lára. Ibẹ̀ yẹn wú mi lórí gan-an: ohun tó fẹ́ fi gba ara rẹ̀ là ló ṣílẹ̀kùn fún ikú. Àpapọ̀ méjèèjì ṣiṣẹ́ lára èkúté tó ní Salmonella, kòkòrò tí à ń kó nínú ẹyin tàbí adìyẹ tí kò jinná.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń wá inú oògùn àtijọ́? Oògùn tuntun ń gba ọ̀pọ̀ ọdún àti owó ńlá. Ti àtijọ́, a ti mọ bó ṣe ń ṣe lára èèyàn.

Àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, èkúté là ń sọ o. Ẹ má po oògùn méjèèjì pọ̀ nílé. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí tí ara bá ń gbóná, loperamide lè sé kòkòrò mọ́nú. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ.