Báwo ni ẹ̀kọ́ àtijọ́ ṣe ń padà wá nínú ohun tí a fi ń ṣe ìgbafẹ́? Ohun tí Ashaiman fi hàn

Bí ẹ bá bi àgbàlagbà kan léèrè ìdí tó fi fẹ́ràn ohun tó ń fi ṣe ìgbafẹ́, ó lè ní òun kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Àmọ́ bí ẹ bá tún bi í pé ta ló kọ́kọ́ fi hàn án, ibẹ̀ ni ìtàn yóò ti bẹ̀rẹ̀: bàbá àgbà kan, ọ̀gá iṣẹ́ kan, tàbí oko kan tó ti sá kúrò níbẹ̀ tipẹ́.

Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tòní dá lé: èyí tí a rò pé a ti gbàgbé, tó sì ń yọ́ wọlé padà nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀.

Ìlú àwọn tó kó ẹ̀kọ́ wá láti ibòmíràn

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ní Ashaiman, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tema, ní agbègbè Accra. Nígbà tí ìjọba Kwame Nkrumah ń kọ́ èbúté Tema, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 1962, àwọn òṣìṣẹ́ wá láti ìhà gbogbo ní Ghana àti láti àwọn orílẹ̀-èdè tó múlé tì í. Ilé inú Tema kò kárí wọn, nítorí náà ọ̀pọ̀ wọn forí lé Ashaiman. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè gbọ́ èdè Ewe, Dangme, Hausa àti Twi ní àdúgbò kan ṣoṣo níbẹ̀.

Ọmọ àgbẹ̀ pọ̀ nínú àwọn tó wá yìí. Wọn kò wá dáko. Iṣẹ́ olóṣù, iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò ni wọ́n wá ṣe. Síbẹ̀, Ashaiman ní adágún omi tí ìjọba ṣe láti fi bomi rin oko, tí àwọn àgbẹ̀ fi ń gbin ìrẹsì àti ẹ̀fọ́. Ẹni tí kò sì ní ju ẹ̀yìnkùlé kékeré lọ lè gbin ilá tàbí ata síbẹ̀ lẹ́yìn tó bá fẹ̀yìn tì. Kò ka ìwé kankan kó tó gbìn ín. Ó mọ ìgbà tí òjò máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì mọ bí ihò ṣe gbọ́dọ̀ jìn tó. Iṣẹ́ tó sá fún nígbà èwe ló ń fi sinmi báyìí.

Eré kan náà, orúkọ méjì

Ohun tí Yorùbá ń pè ní ayò ni àwọn Akan ní Ghana ń pè ní oware. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Kì í sábà sí olùkọ́ tó ń jókòó ti ọmọdé láti kọ́ ọ. Ẹ̀yìn àwọn ọ̀ta ni òpè máa ń dúró sí, tí yóò máa wò, títí òun náà yóò fi mọ bí a ṣe ń fi ojú ka ọmọ ayò inú ihò ẹlòmíràn, àti bí a ṣe ń fi sùúrù kó odù jọ.

Àwọn oníṣòwò Yorùbá pọ̀ ní Ghana kí ìjọba Kofi Busia tó pàṣẹ ní November 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ fi ilé, ọjà àti owó tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó pàdánù gbogbo ìwọ̀nyí kò pàdánù ayò tó mọ̀ ọ́n ta. Bó bá dé Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà, tó jókòó ti ọpọ́n, ihò 12 náà ni yóò bá níbẹ̀. Aṣọ́bodè kankan kò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ló dé tí ọwọ́ kì í fi í gbàgbé?

Lọ́dún 1885, Hermann Ebbinghaus, onímọ̀ ará Jámánì, gbé ìwé jáde lórí ìrántí. Ó ti kọ́ àwọn ègé ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ sórí, ó sì jẹ́ kí òun gbàgbé wọn. Nígbà tó tún wọn kọ́, kò pẹ́ tó ti àkọ́kọ́. Ohun tó rò pé ó ti lọ kò lọ tán.

Brenda Milner, onímọ̀ ará Canada, ṣe ìwádìí lórí ọkùnrin kan tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ní ọpọlọ lọ́dún 1953 nítorí wárápá, tí kò sì lè rántí ohun tuntun mọ́. Milner ní kó máa fa ìlà yí àwòrán ìràwọ̀ ká, inú jígí nìkan ni kó sì máa wò. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ọwọ́ rẹ̀ já fáfá. Síbẹ̀, kò rántí pé òun ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ọwọ́ ti kọ́ ohun tí ẹnu kò lè sọ.

Láti Plains dé Ọ̀tà

Kì í ṣe Ashaiman nìkan lèyí ti ń ṣẹlẹ̀. Oko ní Plains, ìpínlẹ̀ Georgia, ni wọ́n ti tọ́ Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, ìgbà èwe ló sì ti mọ iṣẹ́ igi. Nígbà tó kúrò nípò lọ́dún 1981, irinṣẹ́ káfíńtà ni àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ fi ta á lọ́rẹ. Ó fi wọ́n kan àga àti ibùsùn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nílé wa níbí, àgbẹ̀ ni bàbá Olusegun Obasanjo ní Ìbógún-Ọláògùn. Nígbà tó gbé ìjọba fún alágbádá ní October 1979, oko ló gbà lọ ní Ọ̀tà. Oko náà di òwò ńlá, ìyẹn ju ìgbafẹ́ lọ. Àmọ́ ayò tí gbogbo ayé mọ̀ pé ó ń ta kì í ṣe òwò.

Kí ni a ń kó lé ọmọ lọ́wọ́?

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ ló ń padà wá pẹ̀lú adùn. Ẹni tí ọ̀gá fi ẹgba kọ́ níṣẹ́ lè má fẹ́ fojú kan irinṣẹ́ náà mọ́. Ìmọ̀ náà wà níbẹ̀, ìbẹ̀rù ló jókòó lé e. Nítorí náà, bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ṣe pàtàkì bí ohun tí a ń kọ́ ọ.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tó ń wo ìyá rẹ̀ bó ṣe ń ránṣọ, tàbí tó dúró lẹ́yìn àwọn tó ń ta ayò, ń kó nǹkan pamọ́ fún ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò dáwọ́ dúró. Ẹ má yára lé e lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ti fẹ̀yìn tì, tí ilé sú yín, ẹ má wá ohun tuntun jìnnà. Ẹ bi ara yín pé: kí ni ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n ṣe kí n tó pé ọmọ ogún ọdún? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kí ẹ sì pe ọmọ kan wá wò yín.