Kọ̀ǹpútà Tí Ó Tó Iṣẹ́ Fídíò Í Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kan ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń fi fídíò jẹun, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà ní Awo àti ní agbègbè Ẹdẹ, tí ẹ ń ya ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti ìsìnkú. Ó sì kan ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń bẹ̀ pé kí ẹ bá òun ra kọ̀ǹpútà.

Nígbà tí Hubert Ògúńdé gbé fíìmù Ayé jáde ní 1979, òkè òkun ni àwọn tí ń ṣe fíìmù ní Nàìjíríà sábà máa ń gbé iṣẹ́ wọn lọ kí wọ́n tó lè fọ̀ ọ́. Lónìí, ọmọ Awo lè ya àwòrán, kí ó gé e, kí ó sì tò ó lórí tábìlì nínú ilé bàbá rẹ̀. Ọ̀nà ti là, ṣùgbọ́n owó kọ̀ǹpútà kì í ṣe owó kékeré. Owó àjọ oṣù púpọ̀ ni, tàbí owó tí a yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Bí a bá fi ra èyí tí kò lè gbé ẹrù, gbèsè yóò wà nílẹ̀, iṣẹ́ kò ní í jáde, oníbàárà yóò sì máa kan ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ẹrù náà ti wúwo tó. Àwòrán fídíò kò ju àmì tíntìntín tí a tò jọ lọ. Ti HD jẹ́ 1,920 ní ìbú àti 1,080 ní òró. Àpapọ̀ rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 2. Èyí tí a ń pè ní 4K jẹ́ 3,840 ní ìbú àti 2,160 ní òró. Ó lé ní mílíọ̀nù 8, ìlọ́po mẹ́rin ti àkọ́kọ́. Bí kámẹ́rà bá ń ya àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 1,500 ni yóò yà ní ìṣẹ́jú kan. Kí wọ́n lè gba inú káàdì, kámẹ́rà a ká wọn mọ́ra bí ìgbà tí a bá ká aṣọ sínú àpótí. Kọ̀ǹpútà ni yóò tún tú wọn. Kíká tí a ń pè ní H.265, tí ó jáde ní 2013, fún mọ́ra ju H.264 ti 2003 lọ. Bí kọ̀ǹpútà kò bá ní ẹ̀yà tí a ṣe fún títú u, àwòrán yóò máa dúró, yóò sì máa fò.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò kí ẹ tó béèrè iye owó. Èkíní ni ọpọlọ ẹ̀rọ. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ti gbọ́ i7, wọn a ní ó ju i5 lọ. Kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Nọ́ńbà tí ó tẹ̀ lé e ni kí ẹ kà. i7-3520M ti Intel jẹ́ ìran kẹta, ti 2012. Kò ní ẹ̀yà tí ń tú H.265. i5-8250U jẹ́ ìran kẹjọ, ti 2017. Ó ní in. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ti Intel ni ẹ fẹ́ rà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìran kẹjọ. Irú èyí ni Windows 11 ń bá ṣiṣẹ́, Microsoft sì ti parí ìtọ́jú Windows 10 ní October 14, 2025.

Èkejì ni RAM, tí í ṣe tábìlì tí ẹ̀rọ ń tẹ́ iṣẹ́ sí. 8 GB yóò há fún 4K. Ẹ wá 16 GB, tàbí ẹ̀rọ tí a lè fi kún ti inú rẹ̀, nítorí a ti jó ti àwọn mìíràn mọ́ ara ẹ̀rọ, kò ṣeé pààrọ̀. Ẹ̀kẹta ni ibi ìkó-nǹkan-sí. Hard disk ní àwo pẹrẹsẹ tí ń yí bí rẹ́kọ́ọ̀dù; SSD kò ní ohun tí ń yí, ó sì yára jù ú lọ fíìfíì. Orí SSD ni kí iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́ wà.

Bí owó bá ṣẹ́kù, ẹ fi wá káàdì àwòrán, nítorí DaVinci Resolve, tí ó ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́, gbára lé e púpọ̀. Bí kò bá ṣẹ́kù, Kdenlive ń bẹ, ọ̀fẹ́ ni, kò sì béèrè tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe fi owó ra ojú ẹ̀rọ 4K. Ojú HD tó láti gé e.

Ọgbọ́n kan tún wà tí ń gba tálákà là. Proxy ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀rọ yóò ṣe ẹ̀dà kékeré fún fídíò kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀dà kékeré yìí ni ẹ ó máa gé, ní ìrọ̀rùn. Bí ẹ bá parí, yóò lọ fi gbogbo ohun tí ẹ ṣe sára ojúlówó. Àkókò ni ó ń gbà: ẹ lè jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ ìkẹyìn mọ́jú, bí iná bá wà.

Bí ẹ bá dé ọjà, ìbáà ṣe ní Òṣogbo tàbí Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ mú fídíò tí kámẹ́rà yín yà dání. Ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ sì jẹ́ kí fídíò náà máa lọ fún ìdajì wákàtí. Ẹ ó mọ bí bátìrì ti lágbára tó, ẹ ó sì rí bóyá àwòrán ń fò. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ẹ má sì kó gbogbo owó lé kọ̀ǹpútà. Kámẹ́rà tí ń kọ 100 megabit ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò kó 45 GB jọ ní wákàtí kan. Ayẹyẹ wákàtí mẹ́ta di 135 GB. Ẹ yọ owó hard disk méjì sọ́tọ̀, kí ẹ pa ẹ̀dà mọ́ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan sì máa gbé ilé mìíràn. Omi lè dà sí ẹ̀rọ, olè sì lè gbé e. A lè tún kọ̀ǹpútà rà, ṣùgbọ́n a kò lè sin bàbá olóògbé lẹ́ẹ̀kejì nítorí pé fídíò sọnù.

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ wo iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, kí ẹ ra èyí tí ó tó o.