Lílọ sí Ibi tí Nọ́ńbà Bá Yàn
(Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ sọ ní Ìdímù)

Eré kan ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Mo mọ̀ pé olùkọ́ ni mí, mo sì mọ̀ pé oníwàásù ni mí. Nínú iṣẹ́ méjèèjì, a kì í fi eré pe àgbà jọ. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín kí ẹ fún mi ní àyè díẹ̀, nítorí ìdí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni eré náà yóò mú wa dé, kò sì sí ẹni tí ó jókòó níhìn-ín tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò kàn.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Èbìbí, ọdún 2008, ayàwòrán-ẹ̀fẹ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Randall Munroe, gbé àwòrán kan jáde. Nínú rẹ̀ ni ó ti fi ọ̀nà kan hàn tí a lè gbà fi ìṣirò yan ibi kan lórí ilẹ̀ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. A ó mú déètì ọjọ́ náà, a ó fi iye tí àwọn ìpín ilé-iṣẹ́ ńlá fi bẹ̀rẹ̀ ọjà ní New York kún un, a ó kó wọn fún kọ̀ǹpútà kí ó fi ìṣirò rẹ̀ pò wọ́n pọ̀, nọ́ńbà méjì yóò sì jáde tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan yóò sọ bí ibẹ̀ ti wọ ìhà àríwá tó, èkejì yóò sọ bí ó ti wọ ìhà ìlà-oòrùn tó. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe eré náà yóò di àmùrè rẹ̀, yóò sì lọ síbẹ̀. Kò sí ẹ̀bùn, kò sí owó, kò sí ẹni tí yóò pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣáájú èyí, ní ọdún 1996, Alex Jarrett, tí òun náà jẹ́ ará Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ ohun tí ó jọ ọ́: kí ènìyàn lọ sí ibi tí ìlà òòró àti ìlà ìbú ayé ti pàdé gẹ́lẹ́, kí ó sì ya fọ́tò ohun tí ó bá níbẹ̀. Irú oríta bẹ́ẹ̀ kan, ìwọ̀n 7 ní àríwá àti ìwọ̀n 4 ní ìlà-oòrùn, kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Òmíràn, 7 àti 3, wà ní òkè Ìlaró. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni a ti ń sùn tí a sì ń jí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn oríta wọ̀nyí, a kò mọ̀ pé oríta ni wọ́n, a kò sì gbé ẹbọ kankan síbẹ̀.

Fún àwọn àgbà wa tí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kúrò ní ilé-ìwé, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní kúkúrú. Àwọn onímọ̀ pín àyíká ayé sí ọ̀nà 360, wọ́n sì pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n kan. Bí a bá ń lọ tààrà sí àríwá, ìwọ̀n kan tó kìlómítà 111. Ní ọdún 1884, orílẹ̀-èdè 25 pàdé ní ìlú Washington, wọ́n sì fi ẹnu kò pé láti Greenwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kí gbogbo ayé ti máa ka ìlà òòró. Làìbéríà nìkan ni ó wà níbẹ̀ láti ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Nípa ìṣirò tí wọ́n fi lélẹ̀ lọ́jọ́ náà, ibi tí a jókòó sí yìí tó ìwọ̀n 6 àti ìṣẹ́jú 35 sí àríwá, ìwọ̀n 3 àti ìṣẹ́jú 17 sí ìlà-oòrùn. Ìdímù wà nínú àpótí kan náà pẹ̀lú Èkó, Ìkẹjà, Ọ̀tà, Ìkòròdú, Ṣágámù àti Ìjẹ̀bú-Òde. Badagry àti Abẹ́òkúta kò sí nínú rẹ̀. Bí ẹ bá wo àwòrán ilẹ̀, ẹ ó rí i pé òkun gba bí ìdá méjì nínú márùn-ún àpótí náà, nítorí náà ọmọ Ìdímù tí ó bá ń ṣe eré yìí gẹ́gẹ́ bí òfin àwọn ará Amẹ́ríkà, kí ó tètè kọ́ ìwẹ̀ odò.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwọn òyìnbó ni ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ohun tí kì í ṣe ìfẹ́ ènìyàn yan ibi tí ẹsẹ̀ yóò dé. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Àwórì ni ó yẹ kí ẹ máa sọ èyí fún mi. Àwọn àgbà ní, nígbà tí Ògúnfúnminíre, tí a ń pè ní Olófin, kúrò ní Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, àwo ni wọ́n gbé sórí omi, tí wọ́n sì ń tẹ̀lé e. Ibi tí àwo bá rì sí ni wọn yóò tẹ̀dó sí. Ẹnu àwọn arọ̀tàn kò kò lórí gbogbo ibi tí àwo ti dúró, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni ó dárúkọ Ìṣẹ̀rì, wọ́n sì ní láti inú gbólóhùn pé “àwo ti rì” ni orúkọ Àwórì ti jáde. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ni pé Olófin kò jókòó sí Ifẹ̀ kí ó rán àwo lọ. Ó bá àwo rìn, ó sì bá àwọn tí ó wà létí odò sọ̀rọ̀.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ ti àwọn tí kò rìn. Ní ọjọ́ 10 oṣù Ògún, ọdún 1889, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ìjọba Faransé fọwọ́ sí ìwé kan. Nínú ìwé náà, wọ́n ní ìlà òòró tí ó gba odò Àjàrà kọjá ní ilẹ̀ Àjàṣẹ́ ni yóò jẹ́ ààlà wọn, kí ó máa lọ sókè tààrà títí dé ìwọ̀n 9 ní àríwá. Ohun tí wọ́n fi pín ilẹ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: odò kan, ìlà kan, nọ́ńbà kan. Ọdún mẹ́ta péré ṣáájú, ní 1886, ni àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì ti fọ́ Kétu, tí wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí ìgbèkùn. Ìlú ahoro ni Kétu wà nígbà tí kálámù kọjá lára rẹ̀. Nígbà tí àwọn tí ó ṣẹ́kù fi máa padà wá tún ìlú wọn ṣe ní nǹkan bí ọdún 1894, Alákétu ti di ọmọ abẹ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tí ó jẹ́ ọmọ Kétu sì ti di ti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Ọ̀họ̀rí náà bá ara wọn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Di òní olónìí, ẹni tí ó bá ti Ìmẹ̀kọ lọ sìnkú ìbátan rẹ̀ ní Kétu, àwọn aṣọ́bodè ni yóò kọ́kọ́ kí kí ó tó kí olóòkú.

Mo ti fi ìtàn yìí kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí ó máa ń bí mi nínú jù kọ́ ni pé àwọn àjòjì ni ó pín ilẹ̀ náà. Ó jẹ́ pé nọ́ńbà ni wọ́n rí, wọn kò rí ilé. Nítorí náà ni eré yìí ṣe wù mí. Ó mú irú nọ́ńbà kan náà, ó sì sọ fún ẹni tí ó mú un pé: dìde, lọ wo ibẹ̀ fúnra rẹ.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ tí ó kọjá, mo dán an wò, ṣùgbọ́n mo ṣe é kí ó bá ẹsẹ̀ àgbàlagbà mu. Mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi kọ 0 títí dé 9 sára ìwé pélébé mẹ́wàá, mo kó wọn sínú fìlà, a ń fà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì ń dá wọn padà. Mo fi 6.5 ṣe orí nọ́ńbà èkíní, mo fi 3.2 ṣe orí èkejì. Ohun tí ó bá ti inú fìlà jáde ni yóò tẹ̀lé wọn, mẹ́ta fún èyí, mẹ́ta fún èyí. Báyìí, ibi tí ó bá bọ́ sí kò ní jáde kúrò nínú ilẹ̀ tí ó tó kìlómítà 11 ní òòró àti ní ìbú, tí Ìdímù, Ẹ̀gbẹ́, Ìkòtún àti Ìgàndò wà nínú rẹ̀. Mo fi nọ́ńbà náà sínú fóònù mi, mo mú ọ̀pá àti ìgò omi, mo sì dá lọ lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀. (Títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Èbìbí ọdún 2000, ìjọba Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ ń da ìwọ̀n tí sàtẹ́láìtì wọn ń fún ará ìlú rú; fóònù wa ìbá máa ṣì wá lọ́nà títí dé ilé kẹwàá.)

Nọ́ńbà kò mọ ọ̀nà. Ó ń tọ́ka tààrà sí ibi tí ògiri wà, tí gọ́tà wà, tí géètì àdúgbò wà pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n àti àgádágodo. Ní géètì àkọ́kọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń ṣọ́ ibẹ̀ dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ta ni ẹ ń wá?” Èmi tí mo ti ń sọ èdè yìí láti kékeré, n kò rí èsì fún un. Ní ilẹ̀ wa, ènìyàn ni a ń wá. Bí a bá sọ pé a kò wá ẹnikẹ́ni, pé ibi kan lásán ni a ń wá, a ti di ẹni ìfura. Mo sọ òtítọ́ fún un. Ó wo fóònù ọwọ́ mi, ó wo ìwé, ó ní, “Bàbá, ṣé wọ́n ti ta ibẹ̀ ni?” Ìbéèrè yìí ni gbogbo ènìyàn ń bi mí títí mo fi dé ibi tí mò ń lọ. Ẹnìkan bi mí bóyá ìjọba fẹ́ wó ilé wọn. Obìnrin kan pe ọkọ rẹ̀ jáde. Ní Alímọ̀ṣọ́, ẹni tí ó bá ń wo ilẹ̀ tí ó ń wo ìwé kò lè jẹ́ ju mẹ́ta lọ: awọnlẹ̀, aṣojú ìjọba, tàbí ajagungbalẹ̀. N kò dá wọn lẹ́bi. Wọ́n ti rí ilé tí a fi ọ̀dà pupa sàmì sí, wọ́n sì ti rí ilẹ̀ kan náà tí a tà fún ẹni mẹ́ta.

Ibi tí nọ́ńbà yàn bọ́ sí ẹ̀yìn ọgbà ilé kan, láàárín táǹkì omi àti búlọ́ọ̀kù tí a tò jọ. Nínú fóònù, kò sí orúkọ kankan níbẹ̀; ilé-ìwé kan àti ilé ìjọsìn kan ni a kọ sí tòsí rẹ̀, ìyókù funfun. Ìyá àgbà kan ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ó ní, “Alàgbà, ẹ jókòó kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ ń wá.” Mo jókòó, mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo sì ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó sọ fún mi pé ilé ọkọ òun ni ó ń dá oko níbẹ̀ nígbà tí òun wọlé bí ìyàwó. Odò kékeré kan wà tí wọ́n ti ń rẹ ẹ̀gẹ́. Gọ́tà tí mo dá kọjá ni odò náà. Ó dárúkọ rẹ̀. Ó dárúkọ ìdí igi tí wọ́n ti ń sinmi, ó sì dárúkọ ìdílé tí ó bá wọn pààlà. Ó dìde, ó mú mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà náà, ó fi pèrègún kan hàn mí. Ààlà nìyẹn. Àwọn ayálégbé so okùn ìsáṣọ mọ́ ọn, wọ́n rò pé òdòdó ni.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. N kò ní dá àwọn orúkọ náà níhìn-ín, nítorí ìdílé tí ó ni wọ́n kò tíì fún mi láṣẹ, orúkọ ààlà kì í sì í ṣe ohun tí a ń sọ ní gbàǹgba.

Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ mọ ohun tí orúkọ bẹ́ẹ̀ tó níwájú adájọ́. Ní ọdún 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ wa ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni wọ́n kà ṣáájú, ìwé ni ó tẹ̀lé e. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, síbẹ̀ ilé-ẹjọ́ kò tíì dẹ́kun láti máa béèrè pé: ta ni ó tẹ ibẹ̀ dó, ta ni ó bá a pààlà? Ẹ sì rántí Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, tí ìjọba gba ilẹ̀ rẹ̀ ní Àpápá. Ẹjọ́ náà dé Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1921 wọ́n sì dá a pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti àwọn ará rẹ̀ ní tòótọ́, kì í ṣe owó orí oyè lásán ni a ó san. Herbert Macaulay tí ó bá a lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, awọnlẹ̀ ni. Ní Plymouth ni ó ti kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì padà dé ní 1893. Ó mọ nọ́ńbà, ó sì mọ ìtàn. Ọ̀pọ̀ nínú wa lónìí ń kó ọ̀kan dání láìní èkejì: ọmọ wa ní àwòrán ilẹ̀ tí awọnlẹ̀ yà, kò mọ orúkọ odò, ìyá àgbà mọ orúkọ odò, kò sí ẹni tí ó bi í.

Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ní Alímọ̀ṣọ́. Mélòó nínú wọn ni ó lè dárúkọ ibi tí ó ń sùn ṣáájú kí ó tó di òpópónà? Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹgbẹ́ yìí kò pọ̀. Kí agboolé kọ̀ọ̀kan yan àgbà kan àti ọ̀dọ́ kan. Kí àgbà dárúkọ, kí ọ̀dọ́ ka nọ́ńbà, kí a kọ méjèèjì sí ojú ewé kan náà. Ìjòyè kan ti sọ fún mi pé àwọn ajagungbalẹ̀ yóò fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ jalè. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àbùkù. Nítorí náà n kò ní kí a tẹ̀ ẹ́ fún títà. Ẹ̀dà méjì péré ni kí a ṣe, ọ̀kan ní ààfin, ọ̀kan lọ́dọ̀ ìdílé, kí a sì fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí láti ilé tí a bá wọn pààlà.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó ń bọ̀, ní agogo méje òwúrọ̀, mẹ́fà nínú àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa yóò dúró níwájú ààfin pẹ̀lú ìwé àti fóònù. Agboolé tí ó bá ní àgbà tí ó lè rìn, kí ó mú un wá. Èyí tí àgbà rẹ̀ kò lè rìn mọ́, kí ó sọ fún wa, àwọn ni a ó kọ́kọ́ lọ bá nílé.