Igi Òmìnira àti Ọkọ̀ Àfẹsẹ̀tẹ̀

  Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kò jìnnà sí ibi tí púpọ̀ nínú yín jókòó sí. Bí oòrùn ọ̀sán bá mú ní Òkè Ọya níhìn-ín, abẹ́ igi kan náà ni gbogbo wa ń sá sí. Abẹ́ rẹ̀ ni télọ̀ ń gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí, abẹ́ rẹ̀ ni oníṣúnkẹ́rẹ́ ọjà ń pàtẹ, abẹ́ rẹ̀ náà ni àwọn àgbà ti ń ta ayò. Igi dóńgóyárò ni mo ń wí.

Àwa Yorùbá mọ̀ ọ́n nínú àgbo ibà. Èdè Hausa ni a sì ti mú orúkọ rẹ̀: dogo ni ẹni gíga, yaro ni ọmọkùnrin. Nítorí orúkọ yìí, ẹlòmíràn yóò búra pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni igi náà ti wà ní ilẹ̀ Hausa. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àlejò ni, gẹ́gẹ́ bí èmi àti ẹ̀yin. Ọdún 1928 ni a kọ́kọ́ gbin irúgbìn rẹ̀ ní agbègbè Borno, láti ibẹ̀ ni ó sì ti tàn dé Kano, Katsina àti Sokoto. Íńdíà àti àwọn ilẹ̀ tí ó yí i ká ni ilé rẹ̀. Lójú tèmi, àwọn tí ó rí i tí ó ń yọrí sókè wàràwàrà lórí ilẹ̀ gbígbẹ ni ó sọ ọ́ lórúkọ tí a máa ń fi pe ọmọ tí aṣọ ọdún tí ó kọjá kò bá gbà á mọ́.

Ní Íńdíà, nīm ni àwọn tí ń sọ èdè Hindi ń pè é, láti inú nimba tí í ṣe ti èdè Sanskrit àtijọ́. Àwọn Tamil ti ìhà gúúsù ń pè é ní vembu. Ẹ̀ka rẹ̀ ni wọ́n ń fi rin ẹnu bí a ti ń fi pákò ṣe. Wọ́n ń sá ewé rẹ̀ sínú ọkà àti sínú àpótí aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ wọ́n. Ní ilẹ̀ Tamil, bí ìgbóná bá ń ṣe ọmọ, wọn a fi ewé rẹ̀ há ẹnu ọ̀nà, kí ará àdúgbò lè mọ̀ pé aláìsàn wà nínú ilé. (Òróró tí a ń fún láti inú kóró rẹ̀ ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fún ọmọ ọwọ́ mu. Ó lè ṣe é léṣe gidigidi.)

Ní oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin, àwọn Telugu àti àwọn Kannada ń ṣe ọdún tuntun wọn tí à ń pè ní Ugadi. Yuga ni ìgbà, ādi ni ìbẹ̀rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ni ọ̀rọ̀ náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà wọ́n ń tọ́ àdàlù kan wò, nínú èyí tí òdòdó dóńgóyárò tí ó korò wà pẹ̀lú ṣúgà pupa, iyọ̀, ata, máńgòrò tútù àti èso tsamiya. Gbogbo ohun tí ọdún lè mú wá, kíkorò àti dídùn, ni wọ́n fẹ́ fi ahọ́n mọ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní. A kò lè fi ojú kéré irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí àwo yìí, nítorí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Máńgòrò jẹ́ ọmọ Íńdíà pẹ̀lú orúkọ rẹ̀: ọ̀rọ̀ Tamil ni, māṅgāy, mā tí í ṣe igi náà àti kāy tí í ṣe èso tí kò tíì pọ́n. Àwọn Potogí, tí àwọn baba wa ń pè ní Àgùdà, ni ó sọ ọ́ di manga tí wọ́n sì gbé e kọjá òkun. Ṣùgbọ́n ti tsamiya ni ó pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ilẹ̀ Áfíríkà ni igi náà ti ṣẹ̀ wá. Síbẹ̀ àwọn Lárúbáwá sọ ọ́ ní tamr hindi, èyíinì ni dàbínù Íńdíà, nítorí pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Íńdíà ni wọ́n ti ń rí i rà. Ọmọ wa ni ó lọ jẹ́ orúkọ ọmọ Íńdíà, tí ọmọ Íńdíà sì wá jẹ́ orúkọ Hausa lọ́dọ̀ wa.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ewéko ń pe dóńgóyárò ní Azadirachta indica. Indica ni ti Íńdíà. Apá kìn-ín-ní wá láti inú èdè Páṣíà: āzād ni ẹni tí ó ní òmìnira, dirakht ni igi. Igi òmìnira! Ọ̀rọ̀ òmìnira yìí kan náà ni ó mú ọkàn mi lọ sórí ohun mìíràn tí ó ń kọjá lábẹ́ òjìji igi náà lójoojúmọ́ ní Íńdíà, èyíinì ni kẹ̀kẹ́.

Kẹ̀kẹ́ tiwa àti keke ti àwọn Hausa kò nílò ògbufọ̀ láàárín ara wọn. Nígbà tí ọlọ́kọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dé láti Íńdíà, Èkó sọ ọ́ ní kẹ̀kẹ́ Marwa, nítorí Buba Marwa tí ó jẹ́ gómìnà ológun níbẹ̀ láàárín 1996 sí 1999, Kano sọ ọ́ ní a daidaita sahu, “ẹ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́.” Ẹnikẹ́ni kò rántí Íńdíà nínú orúkọ méjèèjì. Ní ti àwọn Tamil, saikkil ni wọ́n ń pè é ní ìgboro, ọ̀rọ̀ òyìnbó tí gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ kyklos ti èdè Gíríkì. Kyklos yìí àti chakra ti èdè Sanskrit, tí í ṣe àgbá tí ó wà láàárín àsíá Íńdíà, ọmọ ìyá kan ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà rìn yí ayé ká kí ó tó padà bá ìbátan rẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n àwọn Tamil ní orúkọ mìíràn tí mo fẹ́ràn jù: mithivandi. Mithi ni kí a fi ẹsẹ̀ tẹ nǹkan, vandi ni ọkọ̀. Ọkọ̀ àfẹsẹ̀tẹ̀.

Ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́? Ní ìpínlẹ̀ Bihar, ní 2006, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n wọ kíláàsì kẹsàn-án ní owó kẹ̀kẹ́. Àwọn olùwádìí méjì, Karthik Muralidharan àti Nishith Prakash, rí i pé iye ọmọbìnrin tí ń wọ ilé ẹ̀kọ́ girama fi 32 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, pàápàá níbi tí ilé ẹ̀kọ́ ti jìnnà. Ìyá tí ó bá ní ọmọbìnrin ní abúlé tí a kò ti rí ọkọ̀ wọ̀ mọ ohun tí mo ń sọ.

Ṣáájú ìgbà náà, ní 1991, agbègbè Pudukkottai ní ilẹ̀ Tamil ti gbọ́n ọgbọ́n yìí. Ètò ẹ̀kọ́ àgbà kan ń lọ níbẹ̀, Arivoli Iyakkam: arivu ni ìmọ̀, oli ni ìmọ́lẹ̀, iyakkam ni ohun tí ń rìn. Sheela Rani Chunkath, tí ó ń ṣe àkóso agbègbè náà, ni ó dá a lábàá pé kí àwọn obìnrin tí ń kọ́ ìwé kọ́ kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú. Akọ̀ròyìn P. Sainath kọ ọ́ pé ó ju 100,000 obìnrin abúlé tí ó kọ́ ọ. Alágbàṣe oko wà nínú wọn, àwọn tí ń fọ́ òkúta wà, àwọn nọ́ọ̀sì abúlé wà. Àwọn ọkùnrin kan bú wọn lójú pópó. Wọn kò sọ̀ kalẹ̀. Kí ìgbà yẹn tó dé, obìnrin tí ó fẹ́ ta ọjà ní abúlé kejì ní láti dúró de bọ́ọ̀sì, tàbí kí ó dúró de ọkọ, baba tàbí arákùnrin tí yóò gbé e lọ.

Nígbà tí kẹ̀kẹ́ obìnrin wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, kẹ̀kẹ́ ọkùnrin ni wọ́n ń rà, àwọn kan nínú wọn sì sọ pé òun gan-an ni àwọn fẹ́. Kẹ̀kẹ́ ọkùnrin ní ọ̀pá kan tí ó na láti ibi ìjókòó dé ibi ìdarí, èyí tí kì í sí lára ti obìnrin. Orí ọ̀pá náà ni wọ́n ń gbé ọmọ wọn jókòó sí.