Ẹni Tó Ń Lé Owó Tó Ti Lọ

Ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ ni mo gbé wá lónìí, mi ò sì gbé e wá láti fi bú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí tíkẹ́ẹ̀tì wà lápò yín báyìí ni mò ń bá sọ̀rọ̀, àti ẹ̀yin aya, ẹ̀yin ìyá, tí ẹ rí i pé owó ń dín nílé tí ẹ ò mọ ibi tó ń gbà lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú Bàbá Ìjẹ̀bú, tẹ́tẹ́ nọ́ńbà tí tolórí tẹlẹ́mù mọ̀. Nọ́ńbà 90 ló wà níbẹ̀, márùn-ún ni wọ́n ń fà jáde. Ẹni tó bá mú nọ́ńbà méjì, tí méjèèjì wọlé, yóò gba ìlọ́po 240 owó tó fi ta á: ₦100 á di ₦24,000. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí èèyàn bá ta irú nọ́ńbà méjì bẹ́ẹ̀ nígbà 400, bí ìgbà kan péré ni wọ́n máa wọlé. Ó ti ná ₦40,000 láti gba ₦24,000. Kò sí èrú níbẹ̀, bí wọ́n ṣe to òǹkà rẹ̀ nìyẹn, àlá tí a lá lóru kò sì lè yí i padà. Ẹni tó mọ nọ́ńbà tó máa wọlé kò ní í wá ẹni tó máa tà á fún.

Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù orí fóònù tún le ju ìyẹn lọ, torí kíósìkì tí wọ́n ti ń ta nọ́ńbà máa ń tì lálẹ́, fóònù kì í tì. Ẹni tó mú gèèmù mẹ́wàá, tí mẹ́sàn-án wọlé, tí ọ̀kan já tíkẹ́ẹ̀tì náà, kì í sọ pé òun pàdánù. "Ó kù díẹ̀" ló máa ń sọ. "Ó kù díẹ̀" yìí ló ń so èèyàn mọ́ ìdí tẹ́tẹ́.

Tó bá yá, kì í wá èrè mọ́, owó tirẹ̀ tó ti lọ ló ń lé. Á fọwọ́ kan owó ilé, á fọwọ́ kan owó àjọ tí wọ́n ní kó bá wọn gbé fún alájọ. Lọ́kàn rẹ̀, kò jalè. Ó kàn yá a ni, yóò dá a padà kílẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí kò rí i dá padà, ó kọjú sí àwọn ayánilówó orí áàpù, tí àwọn kan nínú wọn máa ń kọ̀wé ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù ẹni, títí dórí àna, pé onígbèsè ni.

Owó tó lọ ṣì lè padà wá, bí ara bá le tí iṣẹ́ sì wà. Irọ́ ni kì í jẹ́ kí ilé tòrò mọ́. Ìyàwó tó gbọ́ pé owó iléèwé ọmọ ti bá tẹ́tẹ́ lọ á sunkún, ṣùgbọ́n èyí tó máa ń dùn ún wọ egungun ni pé ọkọ òun ń wo òun lójú lóṣooṣù, tó ń sọ pé wọn ò tíì sanwó oṣù fóun. Láti ọjọ́ náà, bí ọkùnrin yẹn sọ òótọ́ pàápàá, obìnrin náà á kọ́kọ́ wádìí.

Bárakú ni tẹ́tẹ́ o, kì í ṣe èpè. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà á mọ́ àìsàn, àwọn dókítà tó ń tọ́jú bárakú sì wà nílé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Árò l'Abẹ́òkúta àti ní Yábà l'Ékòó. Kì í ṣe ẹni tó ń já aṣọ nìkan ló ń lọ síbẹ̀.

Arákùnrin mi, wá ẹnì kan tí o fọkàn tán, kí o sọ iye gbèsè náà fún un. Gbogbo rẹ̀ ni kí o sọ, má fi ìdajì pamọ́. Fún un ní káàdì ATM rẹ. Ní kí ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ náà ti àkáǹtì rẹ pa, kí o sì jáde nínú ẹgbẹ́ WhatsApp tí wọ́n ti ń pín kóòdù tẹ́tẹ́.

Ẹ̀yin aya, ẹ̀yin ìyá, ẹ má gbé owó gbèsè lé ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ náà lọ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ bá a san, ẹ kà á fún ẹni tó jẹ lówó fúnra yín. Bó bá sì jókòó tì yín lálẹ́ òní, tó ní òun ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán kí ẹ tó bínú.